Wúfà ínǹṣì 12 nínú bùútù Corolla: ṣé àpótí dídí pa ni àbí oníhò?

ÒkèÀró12

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ kan àpótí fún wúfà (sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀) kan ṣoṣo sínú bùútù Corolla 2007. Wúfà náà jẹ́ ínǹṣì 12, 300 watt RMS (agbára tó lè máa gbé láìdúró), kọ́ìlì méjì, ohm 4 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí: Fs (ohùn tí awọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń gbé) 28 Hz, Qts 0.40 àti Qes 0.44 (nọ́ńbà bí awọ ṣe ń dákẹ́ sí), Vas (lítà afẹ́fẹ́ tó le bíi ohun tó di awọ mú) lítà 60, ihò gígé 28 cm, jíjìn 14.5 cm.

Àwọn káfíńtà tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Arákàlẹ̀, ínǹṣì nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Àpótí tí wọ́n ti kàn sílẹ̀ fún títà náà kò ní lítà kankan lára. Fújì àti jùjú ni mò ń gbọ́ jù, ṣùgbọ́n amapiano náà kì í gbẹ́yìn lópin ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n dí i pa ni àbí kí n ṣe é lóníhò? Lítà mélòó? MDF (pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀) ni àbí pláíwúùdù? Mi ò sì fẹ́ kí àpótí há táyà sípíà mọ́lẹ̀ o.

PákóÌlú

Ọ̀gá, ìwé tó bá wúfà wá yẹn ló máa yan àpótí fún yín. Wúfà ínǹṣì 12 méjì lè jókòó lórí káńtà kan náà kí ọ̀kan fẹ́ lítà 20, kí èkejì fẹ́ 45. Ẹni tó bá ní kí ẹ gbàgbé lítà, ẹ gbàgbé òun náà.

Ẹ kọ́kọ́ pín Fs sí Qes: 28 ÷ 0.44, ó jẹ́ 64. Bó bá wà lábẹ́ 50, ẹ dí i pa. Bó bá ju 100 lọ, oníhò ló tọ́ sí i. Tiyín bọ́ sí àárín, ó máa gba méjèèjì, orin àti ààyè ló kù tí yóò dá ẹjọ́ náà.

Nínú àpótí dídí pa, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló ń ti awọ wúfà padà sí àyè rẹ̀. Ìlù á dún, á sì dákẹ́ lásìkò. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí: ẹ pín Vas sí lítà àpótí, ẹ fi 1 kún un, ẹ tẹ √ lórí fóònù, kí ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po Qts. Bí àpótí bá jẹ́ lítà 28, èsì rẹ̀ jẹ́ 0.71. Lítà 20 á fún yín ní 0.80, lítà 15 á fún yín ní 0.89. Ní nǹkan bí 0.7 ni ohùn ti máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá ti ń sún mọ́ 1, ohùn kan ṣoṣo ni yóò máa hó ṣáá, orin gbogbo á wá jọra wọn. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ àpótí kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà nìyẹn, wúfà kò lẹ́bi.

Àpótí oníhò yàtọ̀. Afẹ́fẹ́ inú páìpù á máa lọ á máa bọ̀, bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìgò, ó sì ní ohùn kan pàtó tó máa ń gbé. Ní àyíká ohùn yẹn, watt kan náà á dún ju ti àpótí dídí pa lọ. Ṣùgbọ́n bí orin bá ti lọ sísàlẹ̀ ju ohùn náà lọ, kò sí afẹ́fẹ́ tó ń di awọ mú mọ́. Awọ á máa jù síwá sẹ́yìn láìsí ohùn gidi, kọ́ìlì á sì lè lu ìdí òòfà.

Ní tèmi, nítorí amapiano yẹn, mo fara mọ́ oníhò lítà 50 tí ohùn páìpù rẹ̀ jẹ́ 34 Hz. Páìpù PVC ínǹṣì 4 tí wọ́n fi ń ṣe omi ìdọ̀tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó fún 300 watt. Ẹ wọn inú rẹ̀ fúnra yín, torí kì í ṣe gbogbo páìpù ló nípọn bákan náà. Ká ní inú rẹ̀ jẹ́ 10.2 cm (23562.5 àti 0.732 kì í yí padà):

gígùn = (23562.5 × 10.2 × 10.2) ÷ (34 × 34 × 50) − (0.732 × 10.2)

Ó jẹ́ 42.4 − 7.5, ìyẹn 35 cm. Ẹ gé e ní 38 cm ní àkọ́kọ́. Páìpù gígùn ṣeé gé kù, èyí tó bá ti kúrú, ẹ ó lọ ra òmíràn ni.

Lítà 50 yẹn, afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan bá ti wọlé ni. Páìpù á gba lítà 3 àti díẹ̀, wúfà fúnra rẹ̀ nǹkan bí 3, igi ìdábùú nǹkan bí 1. Nítorí náà inú àpótí lófìfo gbọ́dọ̀ tó lítà 57 sí 58. Gíga 33, jíjìn 35, fífẹ̀ 50, gbogbo rẹ̀ ní cm: 57,750, ìyẹn lítà 57.75.

Páìpù kò gbọdọ̀ gba iwájú wọlé, torí jíjìn 35 kò gbà á. Ẹgbẹ́ ni kó ti wọlé, kó lọ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn àpótí. Ẹ fi ó kéré tán 10 cm sílẹ̀ láàárín ẹnu rẹ̀ ti inú àti pákó tó kọjú sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á ṣe bí ẹni pé ó gùn ju bó ṣe jẹ́ lọ.

AyùnMímú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi.

Orúkọ MDF ni gbogbo ìwé òyìnbó ń dá, torí ó wúwo, kò ní kókó, ayùn sì ń gé e mọ́lẹ̀ geere. Ṣùgbọ́n ní Àkúrẹ́ níbí, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin kì í jẹ́ kó sinmi. Bí rọ́bà ìdérí bùútù bá ti gbó, omi á rọra wọlé, á lọ jókòó sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ìdí àpótí á sì fà á mu. MDF tó bá ti wú kì í padà sípò. Súkúrù á tú nínú rẹ̀, igun á là, àpótí dídí pa á wá di oníhò láìròtẹ́lẹ̀.

Pláíwúùdù mílímítà 18 ni mo máa ń ní kí èèyàn rà, èyí tó ní ìpele tó pọ̀, tí àárín rẹ̀ kò sì ṣófo. Ẹ wo etí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí ẹ bá rí ihò dúdú láàárín ìpele, ẹ fi sílẹ̀, yóò máa gbọ̀n. Ẹ fi ìka kàn án káàkiri bí ẹni kan ilẹ̀kùn, ibi tó bá dún kó-kó yàtọ̀, àárín ibẹ̀ ti ṣófo. Bí owó bá gbé ti marine (èyí tí omi kì í tètè bà jẹ́), ẹ mú un. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀hù ayùn pọ̀ ṣe, tí wọ́n ń fi kan kọ́bọ́ọ̀dù olówó pọ́ọ́kú, ẹ má fọwọ́ kàn án rárá.

Ìdajì pákó, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 4 × 4, tó fún ìwọ̀n tí PákóÌlú kọ sókè. Ẹ gé e báyìí:

Iwájú àti ẹ̀yìn: 53.6 × 36.6 cm, mẹ́ta. Ìkẹta á lẹ̀ mọ́ iwájú kí ibi tí wúfà jókòó lè nípọn ní ìlọ́po méjì.
Òkè àti ìsàlẹ̀: 53.6 × 35 cm, méjì.
Ẹgbẹ́: 35 × 33 cm, méjì.

Ẹ tò ó ní ìlà mẹ́ta lórí pákó náà, yóò gbà á, àlòkù á sì tó fún igi ìdábùú. Ẹ jẹ́ kí ilé ìlagi tó ní ayùn orí tábìlì bá yín gé e. Ayùn ọwọ́ máa ń wọ́, mílímítà 2 tó bá sì wọ́ ní etí kan ni yóò di àlàfo ní igun. Ihò 28 cm nìkan ni ẹ máa fi ayùn kékeré oníná gé. Ẹ má fi rọ́bà etí wúfà ya ihò o. Ìwọ̀n inú ìwé ni ẹ lò, ẹ kan ìṣó kékeré sí àárín, ẹ so okùn tí kì í fà mọ́ pẹ́ńsùlù ní 14 cm, ẹ yí i po.

Gọ́ọ̀mù ló ń di àpótí mú. Iṣẹ́ súkúrù ni kó fún un mọ́ra títí gọ́ọ̀mù yóò fi gbẹ. Gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò, bíi Top Bond, ó dára. Ẹ fi sí ojú méjèèjì, kó sì tú jáde díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fún un. Bí kò bá tú jáde, kò tó. Ẹ kọ́kọ́ fi díríìlì tín-ín-rín lu ihò kí súkúrù má baà la etí pákó, ẹ lo súkúrù ínǹṣì 2, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bí 12 cm. Ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fa sílíkọ̀n sí gbogbo igun inú, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ tó ń ta imú lọ tán kí wúfà tó wọlé. Òórùn yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ gọ́ọ̀mù tó di wúfà fúnra rẹ̀ mú.

Igi ìdábùú kan láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́ kò wúlò tó èyí tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn. Ẹ fi sí ìkángun wúfà, kó má kan òòfà, kó má sì dí ẹnu páìpù. Ẹ kun òde àpótí pátápátá, títí kan ìdí rẹ̀, kí ẹ tó lẹ kápẹ́ẹ̀tì. Ìdí yẹn ni gbogbo káfíńtà máa ń gbàgbé, ibẹ̀ sì ni omi ti ń wọlé.

Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ fi páálí ṣe àpótí tí òde rẹ̀ jẹ́ 53.6 × 36.6 × 40.4, kí ẹ gbé e wọ bùútù. Bùútù máa ń fẹ̀ nínú ju ẹnu rẹ̀ lọ. Apá irin méjèèjì tó gbé ìdérí náà máa ń bọ́ sínú bùútù nígbà tí ẹ bá pa á dé, ẹ wo ibi tí wọ́n ń bọ́ sí.

Ríwáyà_Oǹdó

Mo kí yín o. Mi ò bá PákóÌlú jiyàn lórí ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹni tó ní fújì àti jùjú lòun ń gbọ́ jù, kí ló ń fi oníhò ṣe? Gìtá bẹ́ẹ̀sì olókùn mẹ́rin, ohùn rẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù lọ jẹ́ 41 Hz. Àpótí dídí pa lítà 28 á gbé e, torí inú ọkọ̀ tó ti pa dé fúnra rẹ̀ máa ń ti ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́yìn. Àti pé bí ìdàjì lítà bá ṣì yín nínú àpótí dídí pa, etí kò lè mọ̀ ọ́n. Oníhò kì í forí ji èèyàn báyẹn. Bí àyè bá há, lítà 24 tí ẹ ki òwú ìrọ̀rí sínú rẹ̀ láìfún un pọ̀ á ṣe bí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí òwú wọ ihò ẹ̀yìn òòfà.

Bí ẹ bá sì taku sí oníhò, áńpù tó ní subsonic (ohun tó ń gé ohùn tó rẹlẹ̀ jù kúrò) ni kí ẹ rà. Fún àpótí 34 Hz, ẹ fi subsonic sí 28 Hz. Ẹ fi lowpass (èyí tó ń gé ohùn òkè kúrò) sí 80 Hz. Ẹ pa bass boost, kó wà ní òdo. Áńpù tí kò ní subsonic àti àpótí oníhò, wúfà ni yóò san gbèsè náà.

Kọ́ìlì méjì ohm 4: bí ẹ bá so pọ́sítífù mọ́ pọ́sítífù, nẹ́gétífù mọ́ nẹ́gétífù, ó di ohm 2. Bí ẹ bá so wọ́n ní ìtẹ̀léra, ó di ohm 8. Ẹ rí i pé áńpù kọ 2 ohm sára, tó sì ń fúnni ní 300 watt RMS níbẹ̀. Nọ́ńbà "MAX 3000W" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Wáyà AWG 4 (ìwọ̀n sísanra wáyà) láti bátìrì. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á kí ẹ tó rà á. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, kò lè gbé iná tó bàbà gidi tó wà ní ìwọ̀n kan náà. Fíúsì 60 A kò gbọdọ̀ jìnnà sí bátìrì ju 45 cm lọ, torí wáyà ni fíúsì ń dáàbò bò, kì í ṣe áńpù. Wáyà tó bá gé sára irin ọkọ̀ láìsí fíúsì nítòsí bátìrì á jó dé àga ẹ̀yìn.

Láti yí gain (bọ́tìnì tó ń bá áńpù mú agbára rédíò dọ́gba): ẹ yọ wúfà kúrò lára áńpù, ẹ tan ohùn 50 Hz láti fóònù, ẹ gbé rédíò sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ẹ fi mítà sí AC folti. 300 watt ní ohm 2 jẹ́ 24.5 folti. Bó bá ti débẹ̀, ẹ dúró.

ÒkèÀró12

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Oníhò náà ni màá ṣe. Ìbéèrè méjì ló kù. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ wúfà sí 600 watt tó bá yá, ṣé àpótí yìí á gbà á? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé 34 Hz ló bọ́ sí lóòótọ́?

PákóÌlú

Páìpù ínǹṣì 4 kan kò ní gba 600 watt. Afẹ́fẹ́ á máa sáré jù nínú rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ fúù-fúù lórí ìlù. Páìpù méjì kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan á ní láti gùn tó 77 cm. Ihò onípákó ni ẹ máa ṣe: fífẹ̀ 4.2 cm, gíga 33 cm bíi gíga inú àpótí, gígùn nǹkan bí 62 cm, kó yí igun lẹ́yìn. Òun àti pákó rẹ̀ á gba nǹkan bí lítà 12 dípò 3, nítorí náà fífẹ̀ inú àpótí á kúrò ní 50, á di 58 cm, kí lítà 50 lè ṣẹ́kù. Nítorí pé ògiri àpótí ló di ògiri ihò náà, ohùn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ìṣirò lọ. Ẹ jẹ́ kí pákó tó kẹ́yìn nínú ihò náà ṣeé yọ títí ẹ ó fi dán an wò. Wúfà tuntun sì lè fẹ́ lítà mìíràn o, ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó kan ìṣó kankan.

Láti dán an wò: ẹ gbé ohùn kékeré láti fóònù, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 45 Hz, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ ní 1 Hz, 1 Hz. Ẹ máa wo awọ wúfà. Ibi tí awọ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ sì ń tú jáde lẹ́nu páìpù dáadáa, ohùn àpótí nìyẹn. Bó bá jẹ́ 32, ẹ gé páìpù kù ní sẹ̀ǹtímítà kan, ẹ tún dán an wò. Bó bá jẹ́ 37, yálà páìpù kúrú ni, tàbí inú àpótí kò tó lítà 50.

Bí ibi tí awọ ti dúró kò bá hàn kedere, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan. Ẹ fi ọwọ́ tútù tó ní omi lára kọjá ní gbogbo igun àti ní etí ibi tí wáyà ti wọlé nígbà tí orin ń lọ. Ibi tó bá tutù lójijì ni.

AyùnMímú

Lórí táyà sípíà: ẹ má kan àpótí mọ́ ilẹ̀ bùútù. Bí ẹ bá ń lu ihò láìwo abẹ́ ọkọ̀, ẹ lè ba páìpù epo tàbí wáyà jẹ́. Ẹ fi irin onígun méjì mú ìdí àpótí mọ́ pákó ìlà mílímítà 12 tó fẹ̀ ju àpótí lọ, kí pákó náà jókòó sórí ìdérí táyà. Ẹ wá fi bẹ́líìtì ẹrù méjì so ó mọ́ ìwọ́ irin tó wà nínú bùútù. Ẹ tú bẹ́líìtì, ẹ fa gbogbo rẹ̀ síwájú, táyà á jáde. Ẹ fi wáyà tó gùn ní 40 cm sílẹ̀ lẹ́yìn àpótí kí ẹ má baà máa yọ ọ́ nígbà gbogbo. Kò sí ẹni tó ní kí àpótí fò káàkiri bí ẹ bá já sí kòtò, àpótí àti wúfà yẹn pọ̀ ju kìlógíráàmù 15 lọ, irin àga ẹ̀yìn nìkan ló sì wà láàárín rẹ̀ àti ẹni tó jókòó.

Ẹ kọ ojú wúfà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó kéré tán 15 cm wà níwájú rẹ̀, kí ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú ojú sókè. Èyí tó bá dún jù níbi tí awakọ̀ jókòó ni kí ẹ mú. Nọ́ńbà ọkọ̀ á sì máa lu irin ẹ̀yìn: fóómù onígọ́ọ̀mù, ìrépé kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ti parí.